Irọ́ Tí Bagakay Pa fún Àlejò

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, ọdún 1984, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan tó wọ bàtà awọ sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ Tiburcio ní èbúté ìlú, ó ní òun ń lọ sí abúlé Bagakay.

Tiburcio wo bàtà náà kó tó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó ti tukọ̀ lórí odò yẹn fún ọdún mẹ́tàlélógún, oríṣi ènìyàn mẹ́ta péré ló sì mọ̀ tí í wọ bàtà awọ wá sọ́dọ̀ wọn: àlùfáà, ẹni tó ń wá ìbò, àti ẹni tó ń wá ènìyàn. Àlùfáà ti wá ní oṣù kìíní, kò ní í tún wá títí ọdún yóò fi dá sí méjì. Ìbò ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìbò kì í dá rìn, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Ọkùnrin yìí dá wá. Àpò kékeré kan ló gbé lé itan, bírò méjì sì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀.

"Manoy," ni ó wí, bí ọmọlúàbí ti í pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní erékùṣù Samar, "ṣé ó jìnnà?"

"Bí omi bá gbà fún wa, wákàtí méjì. Bí kò bá gbà, a jọ máa sun inú ọkọ̀ ni. Ẹ ò ní í gbádùn ẹ̀. Mo máa ń hanrun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Evaristo lorúkọ òun, Manila lòun ti wá, òun ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ará abúlé ṣe ń gbé ayé wọn. Tiburcio ní ó dára. Wọ́n kọjá oko àgbọn, wọ́n kọjá ibi tí ẹfọ̀n mẹ́ta ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn. Ibi tí odò ti yà sí méjì ni àlejò náà ti la ọ̀rọ̀ tó gbé e wá.

"Mo gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan wà lọ́dọ̀ yín. Perpetua Cabuenas."

Àjẹ̀ Tiburcio kò dúró lójú omi. Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ohun tó fi ń yangàn nìyẹn, pé àjẹ̀ òun kò dúró.

"Nọ́ọ̀sì pọ̀ láyé, ọ̀gá," ni ó dáhùn.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí Bagakay lè fi wé Perpetua. Ọdún 1976 ló fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Tacloban, tó wá ń gbé inú ahéré oníkoríko láàárín wọn. Nígbà náà, àrùn ìgbín ń pa wọ́n. Ìgbín wẹ́wẹ́ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ní ń gbé inú omi oko wọn. Kòkòrò inú rẹ̀ a gba awọ ẹsẹ̀ wọ ara, ikùn a wú, ẹni náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tiburcio ti sin ọmọ méjì nítorí rẹ̀: Rosalio ní 1971, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Nenita ní 1974, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Perpetua kọ́ obìnrin mẹ́rìnlá, tí èyí tó kàwé jù nínú wọn kò kọjá ìwé kẹta, bí wọ́n ṣe ń lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni abúlé ń gbé ìgbẹ́ wá bá wọn nínú páálí ìṣáná, kí wọ́n fi awò náà wá ẹyin kòkòrò nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Páálí tìẹ wúwo lónìí, àsè ta lo lọ?" ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n gbẹ́ ojú omi, wọ́n ṣa ìgbín, wọ́n gbé oògùn mì. Lọ́dún tí Perpetua dé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, méjìlélọ́gọ́ta ló ní àrùn náà. Nígbà tí ọdún 1983 fi parí, mẹ́sàn-án ló kù. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn gan-an ló ń ba Tiburcio lẹ́rù.

Nítorí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ọkùnrin kan tó ń ta ẹní dé sí Bagakay. Ó bi wọ́n léèrè Delfin, ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà nínú ilé àdúrà. Inú wọn dùn, wọ́n yin Delfin fún un. Wọ́n ní ènìyàn rere ni, kì í gba owó, gbogbo abúlé ló ń pàdé nílé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ológun kan wá mú Delfin láàárọ̀. Ohun tí wọ́n ń bi í bí wọ́n ti ń na án lọ lójú ọ̀nà ni pé, bí àwọn èèyàn yìí ò bá san nǹkan kan fún ọ, ta ló ń sanwó fún ọ? Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba jà lórí òkè ni wọ́n rò pé ó ń rán an níṣẹ́. Odò ló gbé òkú rẹ̀ padà. Tiburcio ló wọ́ ọ sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bagakay ti fẹnu kò pé àlejò kan kò tún ní í gbọ́ ìyìn ẹnikẹ́ni lẹ́nu wọn mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí èbúté Bagakay yọ, Tiburcio gbé ohùn sókè.

"Lumen! Ṣé ọtí kíkan ṣì kù?"

"Ó kù díẹ̀," ni obìnrin tó ni ìsọ̀ etí odò dá a lóhùn.

Àmì wọn nìyẹn. Kí ọkọ̀ tó kan ilẹ̀, wọ́n ti yọ pátákó ẹnu ọ̀nà nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ awò náà sábẹ́ àpò ìrẹsì, páálí ìṣáná ọjọ́ náà sì ti wọgbó. Perpetua fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Ó wà ní abúlé kan lókè odò, Ọjọ́rú ni yóò tó dé.

Àlejò jókòó níwájú ìsọ̀, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan, ó sì ra ọ̀kan fún Apoy Gorio, bàbá àgbà tí kì í kúrò lórí àga ibẹ̀.

"Mo ń béèrè Perpetua," ni ó wí.

"Petang?" Lumen ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu ìgò. "Èwo nínú wọn? Petang elétí dídi ni àbí Petang tó ń yan ẹja?"

"Èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Áà, ìyẹn. Kì í gbélé. Bó bá tiẹ̀ gbélé, ta ló ń lọ bá a?"

"Bàbá ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?"

Lọ́dún 1979, ikùn Apoy Gorio tó ìkòkò ìrẹsì àsè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Perpetua fi bọ́ ọ bí ẹni bọ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá náà mu ọtí ìgò rẹ̀ dé ìdajì kó tó fèsì.

"Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ mi. Obìnrin arẹwà nìkan ni mo ṣì ń rí. Kò sí lára wọn."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Lumen wí. "Bí ẹmu bá ti délẹ̀, ojú ẹ̀ a mọ́lẹ̀ ju ti ológbò lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlejò náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé ó kọ́ àwọn obìnrin ibí bí wọ́n ṣe ń yẹ ìgbẹ́ wò."

"Ìgbẹ́ ta ni?"

"Ìgbẹ́ yín ni, Manay," ni ó wí, bí wọ́n ti í pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀.

Lumen gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá gbọ́. Ọ̀gá gbéra láti Manila, ìgbẹ́ wa ló wá béèrè. Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ ò tó wọn ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, àlejò náà ṣí ìwé rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó mú kí gbogbo ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

"Àwọn wo ló ń bá a ṣiṣẹ́? Mélòó ni wọ́n? Ibo ni wọ́n ti ń pàdé?"

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ní gan-an nìyẹn, bí ẹni pé ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì. Tiburcio rí i bí Lumen ṣe gbé ojú sá fún àlejò náà. Ó mọ̀ pé pípanumọ́ kò ní í tó. Ẹni tí abúlé bá panumọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, amí yóò ní wọ́n ń fi í pamọ́ ni. Ọkàn rẹ̀ wá lọ sí ìbéèrè tí wọ́n fi pa Delfin. Ẹni tó ń ṣe rere lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fura sí. Wọn kò tíì mú wọ̀bìà kan rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé.

"Ọ̀gá," ni Tiburcio wí, "kí n má purọ́ fún yín. Ojú ló ń ti àwọn èèyàn wọ̀nyí láti sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Oògùn tí wọ́n ní kó pín fún wa, ńṣe ló ń tà á."

Bírò dúró lọ́wọ́ àlejò. "Ó ń tà á?"

"Adìyẹ ló gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi kó tó fún un ní hóró mẹ́fà."

Lumen wò ó. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Nígbà tó yé e, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Adìyẹ tìẹ tún dáa," ni ó wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ èmi. Abo ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún."

"Mo rántí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn," ni Apoy Gorio wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ gidi ni."

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n," ni àlejò náà wí.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ní mo mọ̀."

Láti ibẹ̀ ni irọ́ náà ti lẹ́sẹ̀. Ilé dé ilé ni àlejò náà rìn títí di ọ̀sán, ènìyàn mọ́kànlá ló bi léèrè, àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá sì ní ohun tí Perpetua gbà lọ́wọ́ àwọn. Ẹnì kan ní ẹní, ẹnì kan ní ẹrù àgbọn gbígbẹ. Obìnrin kan tí Perpetua gbẹ̀bí fún ní ìgbà mẹ́ta ní ó gba òrùka ìgbéyàwó òun. Ó fi ọwọ́ kejì bo òrùka náà níka rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Àlejò náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti ń pẹ́, ìkọ̀wé rẹ̀ ń lọ́ra, ojú rẹ̀ sì ń rọ bí ojú ẹni tí ebi ń pa. Tiburcio rí i. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ojú ọdẹ í rí nígbà tí ẹran bá bọ́.

Wọ́n padà sí èbúté ìlú. Ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ kó tó yíjú padà.

"Manoy, ẹ dákun. Ṣé kò sí ẹnì kan tó lè sọ ohun rere kan nípa obìnrin yẹn?"

"Kò sí," ni Tiburcio wí.

Ní Ọjọ́rú, Perpetua dé pẹ̀lú garawa ìgbín lọ́wọ́, wọ́n sì rò ó fún un. Wọ́n ti pọn ẹmu àgbọn sílẹ̀ dè é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Adìyẹ? Manoy Tibo, adìyẹ ìyàwó yín tó rù yẹn? Gbogbo ohun tó wà láyé yìí, ẹ ò rí ohun tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ máa ní mo gbà?"

"Lumen fi ẹlẹ́dẹ̀ kún un."

"Lumen ò ní ẹlẹ́dẹ̀ rí."

"Mo ti ní báyìí," ni Lumen wí. "Ó sì lóyún."

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Perpetua bi Tiburcio pé kí ni ọkùnrin náà tún béèrè. Tiburcio ní ó béèrè bí ìgbín ṣe dínkù, ó sì béèrè bóyá àwọn obìnrin náà lè máa bá iṣẹ́ lọ bí nọ́ọ̀sì ò bá sí níbẹ̀. Perpetua fi ìka yí ìgbín kan nínú garawa.

"Amí tó ń béèrè ìgbín," ni ó wí.

"Ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ wọn, Manay."

"Bóyá." Ó wo ojú gbogbo wọn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé, "Ẹ ṣé. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é."

Oṣù mẹ́jọ kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Tiburcio gbà pé irọ́ òun ló dí ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń mu ẹmu, wọn a ní kó tún sọ ọ́, òun náà a sì tún sọ ọ́, adìyẹ ìyàwó rẹ̀ a sì máa sanra sí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ó tu Perpetua lọ sí ìlú láti lọ gbé oògùn. Ó ń so okùn ọkọ̀ mọ́ òpó nígbà tí jíípù kan tí kò ní nọ́ńbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọkùnrin mẹ́rin ló sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì di Perpetua mú. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé àpò oògùn fún Manoy òun ná, wọn kò gbà. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń bọ́ ẹ̀wù. Nígbà tí Tiburcio fi sáré dé ibẹ̀, eruku ló bá.

Ibùdó ológun àti àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́rìnlá ni ó dé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó rìn dé Tacloban. Ó dúró lójú òjò ní ibì kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé wọ́n ní kó dúró. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ní àwọn kò rí i. Ní ibi tó kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó nídìí tábìlì ka orúkọ náà lórí ìwé ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì gbé e padà fún un.

"Nọ́ọ̀sì abúlé? Bàbá, ta ló mọ ìyẹn? Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin."

Ní oṣù kejì ọdún 1986, ààrẹ tó wà lórí oyè sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kẹfà, Evaristo tún dé èbúté. Bàtà awọ kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, sálúbàtà ló wọ̀. Tiburcio dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì tu ọkọ̀ lọ títí wọ́n fi dé àárín odò. Níbẹ̀ ló ti gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Tí ẹ bá fẹ́ mú ẹlòmíràn, èmi ni kí ẹ mú."

"Mi ò mú ẹnikẹ́ni rí, Manoy."

"Ta ni yín nígbà náà?"

Ọkùnrin náà sọ ọ́. Ó ní àwọn kan wà ní Manila tí wọ́n ń fún ènìyàn ní ẹ̀bùn ńlá kan lọ́dọọdún, fún àwọn tó fi ayé wọn sin ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Éṣíà. Dókítà kan ló kọ orúkọ Perpetua ránṣẹ́ sí wọn. Iṣẹ́ òun ni láti lọ wò ó bóyá òótọ́ ni, ìlànà wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ìdí tí òun fi wá, pàápàá jù lọ ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà kó ẹlẹ́rìí èké jọ.

"Ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi," ni ó wí. "Ènìyàn mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó yapa. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Olè pàápàá máa ń ní ẹnì kan tó fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní kí n wá bẹ obìnrin náà wò fúnra mi. Ṣé ó wà nílé?"

Tiburcio sọ fún un. Ó sọ ọjọ́, ó sọ wákàtí, ó sọ àwọ̀ jíípù náà. Omi ń gbé ọkọ̀ wọn lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀bá, kò sì sí ẹni tó dá a padà nínú àwọn méjèèjì.

"Bó bá jẹ́ pé ó gba ẹ̀bùn yẹn," ni Tiburcio wí, "kí ni wọn ì bá ṣe fún un?"

"Wọn ì bá pè é wá sí Manila ní ìparí oṣù kẹjọ. Wọn ì bá fi àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ì bá gbé àwòrán ẹ̀ jáde."

"Ní oṣù kẹjọ ọdún 1984."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn tó gbé e ní oṣù kẹwàá, wọn ì bá ti rí àwòrán yẹn. Wọn ì bá ti mọ̀ pé àwọn èèyàn máa béèrè ẹ̀."

Evaristo wo omi. "Mi ò lè sọ ohun tí wọn ì bá ṣe, Manoy."

"Mi ò bi yín ní ohun tí wọn ì bá ṣe."

Ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lórí omi.

"Wọn ì bá ti rí i," ni ó wí.

Ó yọ ìwé jáde, ó ní kí Tiburcio sọ òótọ́ fún òun báyìí. Tiburcio bẹ̀rẹ̀ láti orí Rosalio àti Nenita. Ó sọ nípa àwọn obìnrin mẹ́rìnlá, nípa páálí ìṣáná, nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Perpetua fi bọ́ Apoy Gorio. Ó sọ bí Perpetua ṣe máa ń kọ́kọ́ wọ inú ẹrẹ̀ kó tó ní kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ó ń sọ, ọkùnrin náà ń kọ ọ́, ewé mẹ́sàn-án ló kún. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò sí ohun tí ìwé náà lè ṣe mọ́. Evaristo kò dé Bagakay. Ó ní òun kò lè wo ojú wọn, kí Tiburcio tu òun padà.

Lumen nìkan ni Tiburcio sọ fún. Ó jókòó lórí àpótí ọṣẹ nínú ìsọ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ adìyẹ?" ni obìnrin náà béèrè nígbà tí Tiburcio parí.

"Èmi ni."

"Èmi ni mo dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀."

"O kàn fi gbè mí ni."

"Èmi ni mo dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, Tibo." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì wo Apoy Gorio tó ń tòògbé lórí àga rẹ̀ níta. "Má sọ fún bàbá yẹn."

Kò sọ fún un. Apoy Gorio kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì gbà títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀ pé àwọn ṣe ohun tó yẹ ní ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún náà, àwọn obìnrin tó kù nídìí ẹ̀rọ awò yẹ abúlé wò, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti tún ní àrùn ìgbín. Kò sí ẹni tó ń lọ gbé oògùn fún wọn mọ́. Perpetua Cabuenas jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì nígbà tí wọ́n gbé e. Kò padà wá, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin.